Áàpù ìlera fún àwọn àgbà l'Ékòó: kí ni ká fi sí i kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn lò ó?

Akin_Sábó

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń kọ áàpù kan ní Yaba fún àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: kó máa rán àgbà létí oògùn, kó máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì lè bá wọn pe ẹnì kan bí ara kò bá yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nígbà tó bá fi máa di 2030, ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni yóò ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ya 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó alálàáfíà. Wọn ò sì sọ pé alálàáfíà ni ẹni tí àìsàn kankan kò ṣe. Wọ́n ní kí àgbà ṣì lè máa ṣe ohun tó kà sí pàtàkì fún ara rẹ̀ ni.

A ti ya àwòrán ojú áàpù náà, àmọ́ kò sí ẹni tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún nínú àwa tó yà á. Mo ti ka ìlànà WCAG tí wọ́n fi ń kọ ojú òpó: kí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ lẹ́tà àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1, kí ènìyàn sì lè sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé nǹkan kan sọnù lójú ewé. Ìyẹn wà nínú ìwé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó níbí ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ wo òbí yín, ẹ wo ìyá àgbà tó wà ládùúgbò: níbo ni fóònù ti ń ni wọ́n lára? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe tí wọn kò rí ṣe?

Dèjì_Ọ̀tígbà

Akin, o ṣeun tó o kọ́kọ́ béèrè.

Mo ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, àwọn àgbà sì pọ̀ nínú oníbàárà mi. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń gbé wá pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́. Wọ́n ti ṣèèṣì fọwọ́ kan àwòrán bàálù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Tàbí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, wọ́n rò pé ó ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìka ni kí ẹ fi sọ́kàn jù. Awọ ìka àgbà máa ń gbẹ, gíláàsì fóònù kì í sì tètè mọ̀ pé ìka gbígbẹ ti kan òun. Bàbá á tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn. Wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, fóònù á gbà pé wọ́n fẹ́ yọ áàpù yẹn kúrò. Ibẹ̀ ni WhatsApp ti ń sọnù lójú fóònù wọn. Ẹni tó bá ní òbí nílé, ẹ wọ Settings nínú Android, ẹ lọ sí Accessibility, ẹ wá Touch and hold delay, ẹ gbé e sí Long. Samsung tún ní Ignore repeated touches fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ sábẹ́ títẹ̀mọ́lẹ̀ tàbí fífà sí ẹ̀gbẹ́. Ohun tí kò bá hàn lójú fóònù, kò sí lọ́dọ̀ àgbà. Google ní kí bọ́tìnì má kéré sí 48dp, ìyẹn bíi mílímítà mẹ́sàn-án. Fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó tóbi jù bẹ́ẹ̀, kí àlàfo sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Pàápàá, ẹ má fi «Fagi lé e» sí ẹ̀gbẹ́ «Ó dára».

Nọ́ọ̀sì_Lafiaji

Àbúrò mi Akin, ẹ kú iṣẹ́. Ibùdó ìlera alábọ́dé kan ní erékùṣù Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ń wò láti àárọ̀ títí di ìgbà tí a bá ṣíwọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ tí ẹ fẹ́ máa tọ́jú yẹn, torí mo ti ń rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá kàn ya àpótí méjì sílẹ̀ pé kí ìyá kọ nọ́ńbà òkè síbí, kí wọ́n kọ ti ìsàlẹ̀ sọ́hùn-ún, irọ́ ni ẹ ó máa kó jọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé, nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tiẹ̀ náà á ga. Bí aṣọ tí wọ́n fi ń we apá bá kéré ju apá lọ, ẹ̀rọ á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ga nígbà tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tó lápá ńlá sì pọ̀ níbí tí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò gba apá wọn. Nítorí náà kí áàpù yín kọ́kọ́ mú wọn jókòó. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ̀rọ wà lórí awọ gan-an, kì í ṣe lórí apá bùbá. Kí ẹnu dákẹ́. Ẹ lè fi ohùn tó rọlẹ̀ sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n máa gbọ́ ọ bí ìṣẹ́jú ṣe ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó tẹ ẹ̀rọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú fóònù pọ́n kí ó máa pariwo nítorí pé nọ́ńbà kan kọjá 140/90 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù yẹn nìkan tó láti gbé e sókè sí i. Ọjọ́ tó yàtọ̀ síra la fi ń mọ̀. Ohun tó yẹ kó mú wọn dìde lọ sí ọsibítù kíákíá ni bí ó bá dé 180/120 tí àyà ń dùn wọ́n, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ara kan rọ, tàbí tí ẹnu wọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Ibẹ̀ ni kí áàpù ti sọ̀rọ̀ láìfọ̀rọ̀ falẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara tó rọ tàbí ẹnu tó wọ́, àní bí ẹnì kankan kò tilẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ náà, ọsibítù ni.

Ti oògùn ńkọ́? Àwọn ìyá wa kì í mọ orúkọ oògùn, àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Lóṣù yìí, amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kẹ́mísìtì ní jẹ́ hóró funfun roboto. Lóṣù tó ń bọ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é, orúkọ mìíràn ló wà lára páálí, ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Ìyá á rò pé oògùn tuntun ni, wọ́n á máa lo ti àtijọ́ tó kù mọ́ ọn. Oògùn kan náà lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́! Mo ti rí ẹni tí òòyì gbé ṣubú nítorí èyí. Bí áàpù yín bá lè ya fọ́tò hóró oògùn náà, kó fi hàn wọ́n lásìkò tí wọ́n fẹ́ lò ó, kó sì béèrè pé «Ṣé èyí ló wà lọ́wọ́ yín?», ẹ ti gba ẹ̀mí là.

Ìyá_Ṣadé_Ìdúmọ̀tà

Akin, ọmọ mi, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Àmọ́ ẹ ti fi ìyá mi sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń gbé. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì tó ní tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá náà díẹ̀díẹ̀. Kéú ni wọ́n kà dáadáa. Àmọ́ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, ẹni tí wọ́n jẹ, iye tó kù, gbogbo rẹ̀ wà lórí wọn títí di òní. Ọjà aṣọ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi dàgbà, kò sẹ́ni tó rí wọn rẹ́ jẹ nínú ìṣirò.

Ṣé áàpù máa wọ inú fóònù yẹn? Kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi ìpè ṣe é. Kí fóònù dún lásìkò oògùn, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀. Ohùn èmi ọmọ wọn ni kí ẹ gbà sílẹ̀: «Ìyá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ó ti tó àkókò oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn.» Bí wọ́n bá ti lò ó, kí wọ́n fláàṣì nọ́ńbà náà padà. Fláàṣì kì í jẹ kírẹ́díìtì, ìyá mi sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ má ní kí wọ́n tẹ 1 tẹ 2 lórí ìpè, títẹ̀ yẹn máa ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ tún gbọ́: aago méjì ọ̀sán kò sí nínú ọjọ́ ìyá mi. Àsùbáà ló wà, Àìlà, Àláásárì, Mọ̀ǹgàríbì, Ìṣáì. Bí dókítà bá ní oògùn àárọ̀, ẹ̀yìn Àsùbáà ni. Ẹ kọ́ ẹ̀rọ yín ní èyí. Bó bá wá di Ràmàdáánì, ọ̀sán kò sí mọ́, sààrì àti ìṣínu nìkan ló kù, dókítà gbọ́dọ̀ ti bá wọn tò ó kí oṣù náà tó wọlé. Kí ẹ̀rọ yín ti rán èmi àti àwọn létí ní oṣù Ṣàábáánì pé kí a lọ rí dókítà.

Ohun tó kù yìí ń dùn mí. Ẹnì kan nínú ẹbí ló ń bá ìyá mi tẹ kóòdù báǹkì, ó sì mọ píìnì wọn. Owó kékeré kékeré ti ń lọ tipẹ́ kí a tó mọ̀. Kì í ṣe pé ìyá mi kò lè tẹ nọ́ńbà mẹ́rin o. Nọ́ńbà fóònù mọ́kànlá ni wọ́n ń tẹ̀ láti orí! Ohun tó jẹ́ kí wọ́n fa píìnì lé ọmọ lọ́wọ́ ni pé kóòdù yẹn máa ń já kí wọ́n tó ka ohun tó wà lójú fóònù tán.

Dèjì_Ọ̀tígbà

Ìyá Ṣadé, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ lórí kóòdù yẹn. Láti 2025, kírẹ́díìtì orí fóònù ni wọ́n ti ń yọ owó kóòdù báǹkì, náírà 6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tètè ríran á san lẹ́ẹ̀kan, á já, á tún san. Akin, bí ẹ bá máa lo kóòdù fún ti fóònù kékeré, ìbéèrè kan lójú ewé kan. Ẹ má to nǹkan mẹ́jọ kalẹ̀. Bó bá sì já, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí nígbà tí wọ́n bá padà wá.

Ẹ kíyè sí ti ìpè náà: lórí fóònù gíláàsì, tí ẹ bá ní kí ènìyàn tẹ 1, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e kúrò létí, kí wọ́n wá ibi tí nọ́ńbà sá pamọ́ sí. Kí wọ́n tó rí i, ohùn ti kọjá. Fláàṣì tí ìyá dábàá yẹn ló dára jù.

Fọlákẹ́_Toronto

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ sọ tèmi, ẹ má bínú sí mi.

Bàbá mi dá gbé ní Ṣúrùlérè láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ. Kánádà ni mo wà. Bí mo bá pè tí wọn kò gbé e, n kì í lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí n ó fi gbọ́ ohùn wọn. Ohun tí mo nílò ni kámẹ́rà ní pálọ̀ àti ibi àtẹ̀gùn, kí n lè rí ibi tí wọ́n wà lórí máàpù, kí n mọ ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan fóònù gbẹ̀yìn, kí oògùn tí wọn kò lò máa hàn lórí fóònù mi. Àwa ọmọ la máa san owó áàpù yìí. Bàbá mi ò ní tẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ṣe é fún àwa, kí ẹ jẹ́ kí àwọn sinmi.

Bàbá_Tíṣà

Fọlákẹ́, ọmọ mi, o kú àníyàn. Ọmọ tó ń ro ti bàbá rẹ̀ láti òkè òkun, Ọlọ́run á bá ọ pa wọ́n mọ́. Jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ má sọ ọ́ fún ọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí, Ṣúrùlérè náà ni mo wà, ọ̀gá ilé ìwé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ọmọ mi bá fi kámẹ́rà sí pálọ̀ mi láìbi mí, n ó fi aṣọ bò ó. Kò sí ohun tí mo ń fi pamọ́. Ilé mi ni. Bí ẹ bá sọ fún àgbà pé kó sinmi, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ọmọ máa bá a ṣe gbogbo rẹ̀, láìpẹ́ kò ní lè ṣe é mọ́ lóòótọ́. Akin ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé kí àgbà ṣì lè máa ṣe ohun tó kà sí pàtàkì ni wọ́n ń pè ní alálàáfíà. Ẹ̀rọ tó ń gba nǹkan kúrò lọ́wọ́ mi kò lè jẹ́ ẹ̀rọ ìlera fún mi.

Ohun tó ń lé àgbà kúrò nídìí fóònù nìyí. Mo bá ní kí ọmọ-ọmọ mi fi bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ hàn mí. «Bàbá àgbà, ẹ mú un wá.» Ó gbà á, ìka rẹ̀ sáré, ó ní «Ó ti lọ.» Kí ni mo kọ́? Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní kíkọ kì í gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀ kó bá a kọ ọ́ tán. Ọwọ́ ọmọ ló gbọ́dọ̀ wà lórí pẹ́ńsù, bó ti wù kó wọ́ tó. Akin, ẹ ṣe ibi ìdánrawò sínú áàpù yín, níbi tí mo ti lè tẹ ohunkóhun láìsí ohun tó máa bàjẹ́, tí kò ní pe ẹnikẹ́ni, tí kò ní ná mi lówó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà àbọ̀ wà ní ojú ewé gbogbo, ní ibì kan náà, tí a kọ «Padà» sí i gbàǹgbà. Ẹ̀rù pé n ó ba nǹkan jẹ́ ló ń dá ọwọ́ mi dúró.

Ẹ má fi àkókò lé mi. Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pé kí n tẹ̀ padà yẹn, mo gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbi tí mo wà, kí n wá gíláàsì ojú mi, kí n kà á, kí n há a sórí, kí n padà. Á ti kú.

Ohun mìíràn. Mo ní ọ̀rẹ́ tó ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀. PTAD tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì wọn ti ṣe é kí wọ́n lè jókòó sílé kí wọ́n fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìyẹn kúrò ní ohun kékeré, torí ìlà tí wọ́n ń tò fún nǹkan bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn kan lára. Àmọ́ ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá ń fi ojú tàbí ìka dá ènìyàn mọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ìlà ìka máa ń parẹ́ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, bí ẹ bá ní kó yí ọrùn, kó ṣẹ́jú, ó lè má ṣeé ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà tí a lè pè síbẹ̀, kí ènìyàn gidi sì gbé e.

Fọlákẹ́_Toronto

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ bí bàbá mi bá ṣubú ní balùwẹ̀ lóru ńkọ́? Ta ló máa mọ̀? Ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò.

Nọ́ọ̀sì_Lafiaji

Fọlákẹ́, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ìṣubú ń pa àgbà lára lóòótọ́. Àmọ́ kámẹ́rà kò ní dá a dúró, ìwọ tó o sì máa rí i wà ní Toronto. Iná tó tàn lójú ọ̀nà balùwẹ̀, irin ìdìmú lára ògiri, ilẹ̀ tí kì í yọ̀, dókítà tó tún oògùn tó ń fa òòyì yẹ̀ wò: àwọn wọ̀nyí ló ń dín in kù.

Fún ti kí ẹnì kan mọ̀, ohun tí mo máa fẹ́ rèé. Kí bàbá tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo ní àárọ̀ pé «Mo ti jí o», tàbí kí wọ́n fláàṣì. Bí aago mẹ́wàá bá lù tí wọn kò ṣe é, kí ẹ̀rọ pè wọ́n. Bí wọn kò bá gbé e, kí ó pe ẹni tó wà nítòsí, ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn: ayálégbé ìsàlẹ̀, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ ni kó pè ṣèkejì. Bàbá fúnra wọn ni kó yan ẹni náà, àwọn ni kó pinnu ohun tí ìwọ á máa rí àti ohun tí o kò ní rí, kí wọ́n sì lè yí i padà nígbà tó bá wù wọ́n.

Ọ̀mọ̀wé_Akoka

Mo fara mọ́ nọ́ọ̀sì. Òfin náà wà lẹ́yìn rẹ̀: Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ara ohun ẹlẹgẹ́ tí a kò lè kàn máa kó kiri. Jíjẹ́ ọmọ kò sọ yín di ẹni tó lè buwọ́ lùwé fún bàbá tí orí rẹ̀ pé. Akin, ẹ ka òfin yẹn kí ẹ tó kọ ìlà kan sí i.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn, ti tọ àwọn àgbà lẹ́yìn fún ọdún mélòó kan ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkó sì wà lára wọn. Ó hàn níbẹ̀ pé bíbá ọ̀rẹ́ pàdé àti kíkópa nínú nǹkan àwùjọ ń bá ọjọ́ ogbó tó dára rìn. Bí áàpù yín bá jẹ́ kí àgbà jókòó ti fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rán wọn létí ìpàdé ẹgbẹ́, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àsàlátù, ìpàdé onílé. Ẹ jẹ́ kó rọrùn láti fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí wọn kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbà ti gba fífi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp mọ́ra láìsí ẹni tó kọ́ wọn, torí kò béèrè pé kí wọ́n tẹ lẹ́tà.

Akin_Sábó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí mi. Ìbéèrè kan lórí Yorùbá. A fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó lè kàwé, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ẹsẹ̀ lẹ́tà (ẹ, ọ, ṣ) pípé. Ẹnì kan nínú wa ní ká yọ àmì náà kúrò nítorí owó: bí àmì bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lórí tẹ́ẹ̀sì kì í gba ju lẹ́tà 70 mọ́, dípò 160. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá_Tíṣà

Ẹ fi àmì sí i. Bí owó bá pọ̀ jù, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ má dín àmì. Lẹ́tà 70 tó láti sọ pé «Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ báyìí, hóró kan.» Ìtọ́ni oògùn kọ́ ni ibi tí a ti ń méfò.

Kí ẹ sì wo fọ́ǹtì tí ẹ fẹ́ lò dáadáa. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ lẹ́tà máa ń bọ́ sínú ìlà ìsàlẹ̀ tàbí tí àmì á fò lọ sórí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú tí kò ríran dáadáa kò ní lè tò ó.

Nọ́ọ̀sì_Lafiaji

Lórí ohùn: ẹ má lo ohùn wẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yára. Ohùn tó ga fíofío ni etí àgbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù, ìdí nìyẹn tí wọn kì í gbọ́ «tíín-tíín» inú fóònù tí wọ́n sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dáadáa bí ẹ bá rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ lo agogo tó dún nísàlẹ̀, kí fóònù sì gbọ̀n pẹ̀lú.

Dèjì_Ọ̀tígbà

Ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí dátà o. Kí ó tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Kó má sì jẹ bátìrì, torí iná.

Akin_Sábó

Ó ti yé wa. Ohun tí a ó ṣe báyìí: ìpè olóhùn àti fláàṣì ni a ó kọ́kọ́ parí, kí áàpù orí fóònù gíláàsì tẹ̀ lé e. Ìrun márààrún á wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, aago lásán fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Fọ́tò oògùn, ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀, ibi ìdánrawò, «Padà» ní ibì kan náà. Kò ní sí píìnì báǹkì níbẹ̀ rárá, a ó sì sọ ọ́ lójú ewé àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá pe àgbà lórúkọ wa tó béèrè píìnì, olè ni. Àgbà ló máa yan ẹni tó ń rí ohun tirẹ̀.

A fẹ́ kí àwọn àgbà wò ó kí a tó lọ jìnnà. Báwo ni ká ṣe pè wọ́n? A ti ní gbọ̀ngàn kan lọ́kàn ní Yaba.

Nọ́ọ̀sì_Lafiaji

Ẹ má pè wọ́n wá sí gbọ̀ngàn. Ẹ lọ bá wọn nílé, níbi tí wọ́n ti ń lo fóònù gan-an, pẹ̀lú òòrùn tó ń wọlé lójú fèrèsé àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé «Ṣé ó dára?», wọ́n á ní «Ó dára gan-an, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbè yín.» Ojú yín ni wọ́n ń wò. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ tó ṣe làálàá wá sílé wọn lọ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Nítorí náà ẹ má béèrè. Ẹ ní kí wọ́n fi oògùn alẹ́ sí i, kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Ibi tí ìka bá ti dúró, tí wọ́n ti gbójú sókè wò yín, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín kù sí. Bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ má na ọwọ́ sí fóònù náà.

Bàbá_Tíṣà

Mo yọ̀ǹda ara mi. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Mo tún ní àwọn ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan lára wọn kò ríran mọ́, TalkBack, ohun inú Android tó ń ka ojú fóònù sókè, ló fi ń lo fóònù rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé gbogbo bọ́tìnì yín ní orúkọ tí TalkBack lè kà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ «bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì» ni yóò máa gbọ́.

Ìyá_Ṣadé_Ìdúmọ̀tà

Ẹ wá bá ìyá mi náà. Ẹ má wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má sì wá kí Àìlà tó kọjá. Àárín Àìlà sí Àláásárì ni ara wọn máa ń balẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dénú dání, kí obìnrin wà nínú yín. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn mélòó kan á wà níbẹ̀, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ wọn. Mo ti fi nọ́ńbà ìyá mi ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀, Akin, mo ti sọ fún wọn pé ẹ máa pè. Ẹ pè wọ́n fúnra yín, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ bá wá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má tipasẹ̀ mi wá.